Báńkì Agbọ́nmágbẹ: owó ta ló gbà á là?

ÌBÉÈRÈ ÒǸKÀWÉ

Mo máa ń kà á pé láàárín ọdún 1929 sí ọdún 1952, báńkì bíi 25 ni àwọn ọmọ Nàìjíríà fi owó ara wọn dá sílẹ̀, àti pé nígbà tí yóò fi di ọdún 1954, 21 nínú wọn ti kógbá sílé. Agbọ́nmágbẹ, tí gbogbo wa mọ̀ sí Wema lónìí, wà lára ìwọ̀nba tí kò wó. Bàbá mi gbà pé ìfarabalẹ̀ ẹni tó dá a sílẹ̀ ló kó o yọ. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé owó ìjọba ni wọ́n fi tì í lẹ́yìn. Èwo ni kí n gbà gbọ́? Ẹni tó ń fi owó pamọ́ sí báńkì kékeré àdúgbò lónìí ńkọ́, ǹjẹ́ ìtàn yìí kàn án?

* * *

ÈSÌ KÌÍNÍ

Òtítọ́ díẹ̀ wà lẹ́nu bàbá yín, díẹ̀ sì wà lẹ́nu ọ̀gá yín, ṣùgbọ́n ẹni tó san owó náà gan-an kò sí nínú ìdáhùn àwọn méjèèjì. Àgbẹ̀ kòkó ni mo ń wí. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ń darí ọ̀rọ̀ yìí lọ, àmọ́ ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ìdí tí àwọn èèyàn wa fi ń dá báńkì sílẹ̀ nígbà tí báńkì ti wà nílẹ̀.

Ọdún 1894 ni Bank of British West Africa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó, tí Alfred Jones, ọ̀gá ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi Elder Dempster ti Liverpool, sì jẹ́ òpó rẹ̀. Báńkì yìí ni First Bank òde òní. Kí wọ́n tó dá ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó owó ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀ ní ọdún 1912, òun ló ń kó owó fàdákà wọlé fún ìjọba, nítorí náà ìjọba àti àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó tó ń ra epo pupa, èkùrọ́ àti kòkó ni oníbàárà rẹ̀ pàtàkì. Colonial Bank dé ní ọdún 1917, òun náà sì bọ́ sọ́wọ́ Barclays ní ọdún 1925. Owó tí ará ìlú bá gbé wá kí wọ́n bá òun pa mọ́, àwọn báńkì wọ̀nyí ń gbà á, wọ́n sì ń kó èyí tó bá ṣẹ́ kù lọ sí London. Ìgbà tí ọmọ onílẹ̀ bá fẹ́ yáwó ni ọ̀rọ̀ ń yí padà.

* * *

ÈSÌ KEJÌ

Ẹnìkan nínú yín kọ̀wé pé ẹ̀sùn lásán ni a fi ń kan àwọn báńkì òyìnbó, pé kò sí òfin kan tó ní kí wọ́n má yá aláwọ̀ dúdú lówó, àti pé àwọn èèyàn wa ni kò ní ohun ìdúró. Mo gbà pé kò sí irú òfin bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun ìdúró tí wọ́n ń béèrè.

Ilé àti ilẹ̀ ni olówó wa fi ń fi ọlá rẹ̀ hàn nígbà náà. Ilẹ̀ ọ̀hún sì jẹ́ ti ẹbí, kì í ṣe ti ẹnìkan ṣoṣo. Ọkùnrin kan lè ní oko kòkó tó lọ salalu, kó ní ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì ní Ìbàdàn tàbí ní Ìjẹ̀bú Òde, kí gbogbo ọjà mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó, síbẹ̀ kó má ní ìwé kan tó fi hàn pé òun nìkan ló ni ilẹ̀ náà tí báńkì fi lè gbẹ́sẹ̀ lé e bí kò bá san gbèsè. Ọ̀gá báńkì tí wọ́n rán wá láti òkèèrè, tí yóò tún padà sílé lẹ́yìn ọdún díẹ̀, kò mọ olóòótọ́ yàtọ̀ sí ọ̀kánjúwà láàárín àwọn oníṣòwò wa. Ìwé ni yóò béèrè. Àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó tí wọ́n jọ ń jẹ, tí wọ́n jọ ń mu ní ẹgbẹ́ wọn, ni ìwé wọn pé. Bí èyí kò bá jẹ́ ìyàsọ́tọ̀ ní orúkọ, ìyàsọ́tọ̀ ni ní iṣẹ́, mi ò sì rí ìdí tí a ó fi máa bá wọn tún ọ̀rọ̀ náà ṣe lónìí.

Ohun tó wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn wa ni èsúsú àti àjọ. Èsúsú ni ti àwọn ẹlẹ́gbẹ́ tó ń dá iye kan náà jọ, tí wọ́n ń kó o fún ara wọn ní títẹ̀léra títí yóò fi kárí. Àjọ ní tirẹ̀ ni alájọ ń lọ gbà káàkiri ọjà lójoojúmọ́, tí yóò fà káàdì, tí yóò sì kó gbogbo rẹ̀ fún olówó ní ìparí oṣù lẹ́yìn tó bá ti yọ owó ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí èrè tirẹ̀. Èsúsú yìí lágbára débi pé ó bá àwọn èèyàn wa la òkun kọjá, wọ́n sì ń dá a ní Trinidad di òní yìí, tí wọ́n ń pè é ní súsú. Ṣùgbọ́n kò sí èsúsú tó lè yá ẹni tó fẹ́ ra kòkó fún odidi ìgbà ìkórè ní owó tí yóò tó o. Àyè yẹn ló ṣófo, òun sì ni àwọn tó dá báńkì ìbílẹ̀ sílẹ̀ fẹ́ dí.

* * *

ÈSÌ KẸTA

Industrial and Commercial Bank ló kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀ lé e ní ọdún 1929, ọdún tó tẹ̀ lé e ló sì wó. Nigerian Mercantile Bank dé ní ọdún 1931, kò kọjá ọdún 1936. Ní ọdún 1933 ni Dókítà Akínọlá Májà, T. A. Doherty, H. A. Subair àti Olátúndé Johnson dá National Bank sílẹ̀, èyí sì ni àkọ́kọ́ tó dúró. Agbọ́nmágbẹ tẹ̀lé e ní ọdún 1945. Lẹ́yìn tí ogun Hitler parí, báńkì bẹ̀rẹ̀ sí í hù bí olú, nítorí pé ẹnikẹ́ni ló lè lọ forúkọ báńkì sílẹ̀ bí ìgbà tó ń forúkọ ilé ìtajà sílẹ̀. Òfin kankan kò sọ iye tó gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó gba owó olówó.

Ìjọba amúnisìn rán G. D. Paton ti Bank of England pé kó wádìí ọ̀rọ̀ báńkì ní ọdún 1948, èyí ló sì bí òfin báńkì ọdún 1952. Òfin náà sọ pé báńkì gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ, pé báńkì ọmọ onílẹ̀ gbọ́dọ̀ ní pọ́n-ùn 12,500 tí wọ́n ti san sílẹ̀, kí ti òkèèrè ní 100,000, ó sì fi ààlà sí ohun tí àwọn olùdarí lè yá fún ara wọn láìní ohun ìdúró. Wọ́n fún àwọn tó ti wà nílẹ̀ ní ọdún mẹ́ta láti tún ara wọn ṣe. Púpọ̀ nínú wọn kò dúró de ìparí ọdún mẹ́ta náà kí wọ́n tó wó.

Ẹni mẹ́ta ló ti sọ lábẹ́ ọ̀rọ̀ yìí pé ète òyìnbó ni òfin ọ̀hún, kí wọ́n lè fi pa báńkì àwọn aláwọ̀ dúdú. Mi ò gbà. Òfin tó béèrè ìdá mẹ́jọ ohun tó béèrè lọ́wọ́ báńkì òkèèrè lọ́wọ́ báńkì ìbílẹ̀ kò jọ òfin tí wọ́n ṣe láti pa á. Ohun tó pa àwọn báńkì wọ̀nyẹn ti wà lára wọn kí òfin tó dé: owó ìpìlẹ̀ tí kò tó, ìwé ìṣirò tí kò mọ́, ẹ̀ka tí wọ́n ń ṣí káàkiri kí èyí tó wà nílẹ̀ tó rẹ́sẹ̀ dúró, àti owó olówó tí àwọn olùdarí ń yá fún ara wọn àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn. Àwọn tó pàdánù kì í ṣe òyìnbó. Àwọn akọ̀wé kékeré ni, àwọn ìyálọ́jà, àwọn télọ̀, àwọn olùkọ́ ilé ìwé ìjọ tí wọ́n fi ìgbéraga gbé owó wọn lọ sí báńkì tí wọ́n pè ní tiwa. Bí a bá ń dá ìjọba amúnisìn lẹ́bi, ohun tó yẹ kí a dá a lẹ́bi fún ni pé ó pẹ́ kó tó ṣe òfin.

Àléébù kan wà tí mi ò ní dárí rẹ̀ jì í. Nígbà tí èrò bá rọ́ wá sí ẹnu ọ̀nà Barclays láti gba owó wọn, ọ́fíìsì àgbà wà ní London tó lè fi owó ránṣẹ́. Nígbà tí wọ́n bá rọ́ lọ sí ti báńkì ìbílẹ̀, kò sí ibì kankan tó lè sá lọ, nítorí pé ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 1959 ni Central Bank, tó lè yá báńkì tó wà nínú wàhálà lówó, ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Báńkì tó lówó nílẹ̀ tí kò kàn lè gbà padà lọ́wọ́ àwọn ajigbèsè rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo lè kú ikú tí kò yẹ kó kú. Ìjọba tó fi òfin sílẹ̀ láìfi olùgbàlà sílẹ̀ ṣe iṣẹ́ àbọ̀.

* * *

ÈSÌ KẸRIN

A dé ibi ìbéèrè wàyí. Ọjọ́ kejì oṣù Karùn-ún ọdún 1945 ni wọ́n forúkọ Agbọ́nmágbẹ sílẹ̀, Olóyè Mathew Adékọ̀yà Okupe, ọmọ Rẹ́mọ, ló sì dá a sílẹ̀. Ìyìn tirẹ̀ kò kéré. Báńkì rẹ̀ la ọdún 1954 já nígbà tí àwọn tó pariwo jù ú lọ ti kó ilẹ̀kùn wọn tì, ẹni tó sì bá ti wo bí àwọn yòókù ṣe wó yóò mọ̀ pé a kì í ṣèèṣì la irú àkókò bẹ́ẹ̀ já. Bàbá yín kò jẹ̀bi títí dé ibẹ̀.

Ṣùgbọ́n lílà á já ní ọdún 1954 yàtọ̀ sí wíwà títí di òní. Nígbà tí òmìnira ń bọ̀, báńkì tí ẹnìkan dá sílẹ̀ kò lè bá àwọn òmìrán du ọjà mọ́ láìsí owó púpọ̀. Ọ̀dọ̀ ìjọba ẹkùn ni owó púpọ̀ wà, àgbẹ̀ ló sì ń mú un wá. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ bó ṣe ń rí. Àjọ tó ń ta kòkó, tí wọ́n kọ́kọ́ dá sílẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà ní ọdún 1947, tí wọ́n sì pín sí ẹkùn ẹkùn ní ọdún 1954, ló ń sọ iye tí wọ́n máa ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀. Àwọn aṣojú tó ní ìwé àṣẹ yóò rà á ní iye yẹn, àjọ yóò tà á sí òkèèrè ní iye tó bá wà lọ́jà àgbáyé, èyí tó bá lé yóò sì wà lọ́wọ́ àjọ. Ohun tí wọ́n sọ fún àgbẹ̀ ni pé owó náà yóò dúró dè é di ọjọ́ tí iye kòkó bá já wálẹ̀, kí wọ́n lè fi gbè é nídìí. Èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ kò dúró dè é. Ó kọ́ ilé ẹ̀kọ́, ó la ọ̀nà, ó dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀, ó sì wọ báńkì. National Bank ló kọ́kọ́ jẹ nínú rẹ̀. Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí Adájọ́ G. B. A. Coker darí ní ọdún 1962 tú ọ̀pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yẹn síta. Ẹ má rò pé ti ìhà ọ̀dọ̀ wa nìkan ni, nítorí ọ̀rọ̀ owó ìjọba Ìlà-Oòrùn nínú African Continental Bank ló fa ìgbìmọ̀ ìwádìí Foster-Sutton ní ọdún 1956.

Ní àwọn ọdún 1960 ni Western Nigeria Marketing Board, ìyẹn àjọ tó ń ta kòkó ní ẹkùn wa, gba Agbọ́nmágbẹ, orúkọ rẹ̀ sì di Wema ní ọdún 1969. Ẹ jẹ́ kí a rántí ohun mìíràn tó ń ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1969 yẹn kan náà. Àwọn àgbẹ̀ ń jà. Àgbẹ́kọ̀yà, tí Táfà Adéoyè ṣáájú wọn, ti gbé ìbọn láti ọdún 1968, wọ́n ní owó orí ti pọ̀ jù, iye tí wọ́n ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn kò tó nǹkan, wọ́n sì lọ fọ́ ẹ̀wọ̀n Agodi ní Ìbàdàn láti tú àwọn ènìyàn wọn sílẹ̀. Owó tí wọ́n ń jà lé lórí, àjọ tó di í mú ló di onílé báńkì. Bàbá tó bí ìyá mi gbin kòkó ní ìhà Oǹdó ní àkókò yẹn. Kò ní ìwé ìfowópamọ́ kankan ní báńkì kankan títí ó fi kú, síbẹ̀ mo gbà pé òun àti irú rẹ̀ ló ra báńkì yìí, nítorí pé owó tó yẹ kó wọ àpò wọn ni wọ́n fi rà á.

Nítorí náà, bí ọ̀gá yín bá ní owó ìjọba ni, ẹ bi í pé níbo ni ìjọba ti rí i.

* * *

ÈSÌ KARÙN-ÚN

Ọ̀rọ̀ ti yà síbi àjọ tí alájọ ń gbà lọ́jà, ó sì tọ́ kó yà síbẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ yín ń sọ pé bí báńkì bá lè wó báyìí, alájọ ló sàn jù.

Ìyá mi tajà aṣọ ní Gbági fún ọ̀pọ̀ ọdún, alájọ ni wọ́n sì ń dá owó fún. Mo rí àǹfààní rẹ̀ pẹ̀lú ojú ara mi: alájọ ń wá bá wọn ní ìsọ̀, kò béèrè fọ́tò tàbí ẹlẹ́rìí, bí ọmọ bá sì ṣàìsàn ní àárín oṣù, wọ́n lè ní kó kó èyí tó wà níbẹ̀ wá lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n mo tún rí ọdún tí alájọ kan kò wá mọ́, tí gbogbo ìsọ̀ ń wo ọ̀nà, tí kò sì sí ẹni tí wọ́n lè lọ bá. Àwọn tó ń sọ pé alájọ kì í sá, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà.

Báńkì kékeré náà kò mọ́. Nígbà tí ìjọba ológun bẹ̀rẹ̀ ètò community bank ní ọdún 1990, inú àwọn ará ìlú wa dùn, wọ́n dá owó jọ, wọ́n ra ìpín, àwọn ẹlẹ́gbẹ́ àti àwọn onímọ́sálásí àti ìjọ sì gbé owó ẹgbẹ́ síbẹ̀. Nígbà tó ṣe, ọ̀kan tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi fi owó sí ti ilẹ̀kùn, owó àwọn olùdarí àti àwọn ènìyàn wọn ló sì wà níta tí kò padà wọlé. Àléébù ọdún 1930 náà ni, kò yí padà. Àwọn tó kù nínú community bank ni Central Bank ní kí wọ́n di microfinance bank títí ìparí ọdún 2007, pẹ̀lú owó ìpìlẹ̀ mílíọ̀nù 20 náírà.

Ohun tó yàtọ̀ lónìí ni NDIC, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń dáàbò bo owó àwọn olùfowópamọ́, tí òfin rẹ̀ jáde ní ọdún 1988. Ní ọdún 2024, wọ́n gbé iye tí wọ́n máa san fún olùfowópamọ́ kọ̀ọ̀kan bí báńkì bá kú sókè, ó di mílíọ̀nù márùn-ún náírà fún báńkì ńlá, mílíọ̀nù méjì fún microfinance bank. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí ìwé lásán. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Central Bank gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ microfinance bank 132. Nígbà tí Heritage Bank náà pàdánù tirẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, NDIC bẹ̀rẹ̀ sí í san owó fún àwọn olùfowópamọ́.

Ẹni tó bi mí pé kí ni òun yóò ṣe ní ti gidi, ìdáhùn mi nìyí. Ẹ lọ wo orúkọ báńkì náà nínú àkójọ tí Central Bank gbé jáde fúnra yín, ẹ má gba ti àmì NDIC tó wà lára ògiri gbọ́. Bí owó yín bá ju mílíọ̀nù méjì lọ, ẹ má kó gbogbo rẹ̀ sí microfinance bank kan ṣoṣo. Bí ẹ bá ń gbọ́ pé ọ̀gá báńkì àti àwọn tó ra ìpín jù lọ ń kọ́lé, tí àwọn oníṣòwò kékeré sì ń gbọ́ pé kò sí owó tí wọ́n lè yá, ẹ tètè gba owó yín. Ní ti àjọ, èmi kò ní kí ẹnikẹ́ni fi í sílẹ̀. Kí ẹ máa dá a fún ohun tí ẹ máa rà ní ìparí oṣù, ẹ má fi owó ilé ìwé ọmọ ọdún kan síbẹ̀.

* * *

ÈSÌ KẸFÀ

Ọ̀dọ́ kan ní mo fi àgbẹ̀ bo àwọn òṣìṣẹ́ báńkì mọ́lẹ̀, pé bí owó nìkan bá ń gbà báńkì là, National Bank ì bá wà láàyè. Òótọ́ ni ó sọ, ó sì dára kí a sọ ọ́ jáde. National Bank gba owó kòkó ju Agbọ́nmágbẹ lọ, ó sì ti pé ọdún 12 kí Agbọ́nmágbẹ tó bẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ nígbà tí Central Bank gbé owó ìpìlẹ̀ báńkì láti bílíọ̀nù 2 lọ sí bílíọ̀nù 25 náírà ní ìparí ọdún 2005, inú Wema ni National Bank parí sí. Co-operative Bank tí àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1953 wọ inú Skye Bank ní ọdún 2006, Skye náà sì di Polaris ní ọdún 2018. Wema fúnra rẹ̀ kò lọ geere: àyẹ̀wò ọdún 2009 fi hàn pé owó rẹ̀ kò tó, ó gba ìwé àṣẹ báńkì ẹkùn ní ọdún 2011, ìgbà tó di ọdún 2015 ló tó padà di báńkì gbogbo orílẹ̀-èdè, ní ọdún 2017 ló sì gbé ALAT, báńkì orí fóònù rẹ̀, jáde. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ni ìyẹn, mo sì yìn wọ́n.

Àmọ́ òṣìṣẹ́ gba owó oṣù. Ẹni tó dá báńkì sílẹ̀ ní orúkọ nínú ìtàn. Olùfowópamọ́ ní ìwé. Àgbẹ̀ nìkan ni kò ní nǹkan kan tó fi lè sọ pé òun wà níbẹ̀. Ìpín tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ní nínú báńkì náà ni Odù'a Investment, ilé iṣẹ́ ìdókòwò, jogún lẹ́yìn tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní ọdún 1976, àwọn ìpínlẹ̀ tó jáde láti ara Ìwọ̀-Oòrùn ló sì ni Odù'a. Èrè orí ìpín bẹ́ẹ̀ ń wọ àpò ìjọba, níbi tí kò ti ní orúkọ mọ́. Ohun tí mo ń bèèrè fún, tí mo sì ti kọ̀wé lé lórí ṣáájú àkókò yìí, ni pé kí wọ́n ya èrè náà sọ́tọ̀ fún ọ̀nà oko àti omi ẹ̀rọ ní àwọn abúlé kòkó, láti Oǹdó dé Iléṣà, láti Ìbàdàn dé Ẹ̀gbá. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tó lè gbọ́ ti yín, ẹ bá wa gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.